Ohun Ọ̀sìn Tó Kéré Jù Lọ Nínú Ilé Ìdáná Yín

Bí wọ́n ṣe ń sin yíìsì tó ń mú búrẹ́dì wú, àti ìdí tí wọn kì í fi í fún un ní oúnjẹ àjẹyó

Àpò fúláwà kan wúwo tó 50 kílò. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe búrẹ́dì ti náwó gan-an kó tó gbé e délé, ó sì tún ku ṣúgà, bọ́tà, iyọ̀, igi ìdáná tàbí gáàsì, àti owó àwọn tó máa bá a pò ó. Síbẹ̀, ohun kan tí kò tó kílò kan lè sọ gbogbo ìnáwó yẹn di òfò. Bí yíìsì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ bá ti kú, ìyẹ̀fun náà ò ní wú. Ṣe ló máa jókòó sínú páànù bí amọ̀, ó sì máa jáde nínú ààrò bíi bíríkì. Kò sí oníbàárà tó máa rà á. Àwọn tó ń dín puff-puff níwájú iléèwé mọ ohun tí à ń sọ yìí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn obìnrin tó ń dín máásà láàárọ̀ ní Kano àti Sókótó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ka yíìsì sí ẹ̀yà èròjà kan bí iyọ̀ tàbí ata gbígbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Ẹnì kan ló sìn ín, ó bọ́ ọ, ó fún un ní afẹ́fẹ́, ó bù ú lómi tútù nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, kó tó wá fi ọgbọ́n gbẹ ẹ́ láìjẹ́ kó kú. Ẹ wo ẹ̀yìn àpò tí ẹ rà kẹ́yìn. Orúkọ tí wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀ ni Tọ́kì, Ṣáínà tàbí ilẹ̀ Faransé. Ó ti rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn lórí òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì ṣì wà láàyè. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Kí ló wà nínú àpò náà?

Ẹ tú àpò yíìsì kan, kí ẹ da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ó dà bíi gàárì tó kúnná. Gíráàmù kan péré nínú rẹ̀ ní ju bílíọ̀nù 10 sẹ́ẹ̀lì lọ, iye yẹn sì ju gbogbo èèyàn tó wà láyé lọ. Sẹ́ẹ̀lì kan ni yíìsì kan. Kò ní ojú, kò ní ikùn, kò ní ẹsẹ̀. Ìbátan olú tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ ni, ó sì tún bá ohun tó máa ń bu lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ tan. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ẹ̀yà tí àwa ń fi ṣe búrẹ́dì ni Saccharomyces cerevisiae. Lọ́dún 1996, òun ni ohun ẹlẹ́mìí àkọ́kọ́ lára irú àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọn jọ tiwa tí wọ́n ka gbogbo apilẹ̀ àbùdá rẹ̀ tán. Wọ́n bá nǹkan bí 6,000 níbẹ̀.

Bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni yíìsì ṣe ń bímọ. Kókó kékeré kan á yọ lára sẹ́ẹ̀lì náà, á máa tóbi, tó bá yá, á já kúrò, á dá dúró. Bí oúnjẹ bá pọ̀ tí ibi tó wà sì lọ́ wọ́ọ́wọ́, nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ ló fi ń sọ ara rẹ̀ di méjì. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè di ohun tó ju 65,000 láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó bá rí ìṣirò yìí lè rò pé kò sí iṣẹ́ kankan nínú yíìsì sínsìn: da ṣúgà púpọ̀ sínú omi, fi yíìsì díẹ̀ sí i, lọ sùn, kí o sì padà wá kó o. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ọ̀nà méjì tó ń gbà jẹun

Ẹ rántí ẹmu. Èyí tí adẹ́mu gbé wá láàárọ̀ máa ń dùn bí omi ṣúgà. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń ta lẹ́nu, ó sì ń hó. Yíìsì ló wà nídìí ẹ̀. Kódà, ẹ̀yà yíìsì tí wọ́n sábà máa ń rí nínú ẹmu kì í ṣe àjèjì sí ti oníbúrẹ́dì, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn kan máa fi ẹmu po ìyẹ̀fun káwọn àpò pélébé yìí tó gbòde. Ohun tí yíìsì ṣe nínú akèǹgbè ẹmu ni pé ó jẹ ṣúgà láìlo afẹ́fẹ́, ó wá sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì carbon dioxide. Gáàsì yẹn náà ló ń sá sínú ìyẹ̀fun tí ẹ pò, òun ló ń mú un wú.

Fún ẹni tó fẹ́ mu ẹmu, tàbí tó fẹ́ jẹ búrẹ́dì, èyí dáa gan-an. Àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ kí yíìsì fúnra rẹ̀ pọ̀, òfò gbáà ni. Agbára tí yíìsì ń rí nínú ṣúgà tó bá sọ di ọtí kéré púpọ̀, torí náà ìwọ̀nba ọmọ ló máa bí. Bí ẹ bá fún un ní 100 kílò ṣúgà láìsí afẹ́fẹ́, ẹ lè má rí tó kílò 10 yíìsì gbígbẹ níbẹ̀. Ìyókù ti di ọtí, ó sì ti bá gáàsì lọ.

Tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá wà, ó lè gba ọ̀nà kejì. Ó máa jó ṣúgà náà tán pátápátá bí ẹ̀dọ̀fóró àti ẹran ara tiwa ṣe ń ṣe é, agbára tó sì máa rí níbẹ̀ máa tó ìlọ́po 8 ti àkọ́kọ́, ó kéré tán. Àbájáde rẹ̀ ni pé 100 kílò ṣúgà yẹn kan náà lè di nǹkan bí 50 kílò yíìsì gbígbẹ. Louis Pasteur, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí èyí yé aráyé. Lọ́dún 1857 ló sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń fa kí ṣúgà kan, kì í ṣe pé ó kàn ń bà jẹ́ lásán. Nígbà tó di ọdún 1861, ó fi hàn pé tí yíìsì bá ń rí afẹ́fẹ́, ó máa ń pọ̀ sí i, ọtí tó ń ṣe sì máa ń dín kù.

Ǹjẹ́ kí wọ́n kàn fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ọ̀rọ̀ sì parí? Ó ṣe tán, yíìsì lójú kòkòrò. Tí ṣúgà bá ti pọ̀ jù níwájú rẹ̀, ì báà jẹ́ pé afẹ́fẹ́ yí i ká, ó máa pa ọ̀nà tó lérè tì, ó máa sáré sọ ṣúgà náà di ọtí. Ohun tí wọ́n ń pe ìwà yìí ni Crabtree effect, wọ́n fi í sọrí H. G. Crabtree, tó kíyè sí irú rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì àrùn jẹjẹrẹ lọ́dún 1929. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ọgbọ́n ìjà ló ń ta. Nínú èso tó ti pọ́n, bakitéríà àti yíìsì jọ ń du ṣúgà. Bí yíìsì bá tètè sọ ọ́ di ọtí, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń du oúnjẹ ò ní lè fara dà á, tó bá sì yá, yíìsì á padà wá jẹ ọtí náà fúnra rẹ̀ bí ẹni jẹ oúnjẹ tó tọ́jú pa mọ́. Mo gbà pé ọgbọ́n gidi ni o, àmọ́ owó ẹni tó ni ṣúgà ló ń run.

Ogun ló fi ọ̀nà hàn

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ní Yúróòpù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pọn bíà ni àwọn oníbúrẹ́dì ti ń lọ gba yíìsì tó léfòó sójú agbada wọn. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú bíà tí yíìsì rẹ̀ máa ń rì sísàlẹ̀ ló wá gbòde ní ìlú bíi Vienna, yíìsì yẹn ò sì bá búrẹ́dì lára mu. Bó ṣe di pé wọ́n ń sin yíìsì fún ìlò oníbúrẹ́dì nìkan nìyẹn. Ọkà ni wọ́n ń fi bọ́ ọ. Charles Fleischmann, tó ṣí láti ilẹ̀ Austria-Hungary lọ sí Amẹ́ríkà, gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nílùú Cincinnati lọ́dún 1868, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àpò yíìsì títí dòní.

Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ni nǹkan yí pa dà. Ọkà wọ́n ní Jámánì, àwọn èèyàn ò sì lè máa da ohun tí wọ́n ì bá jẹ sínú agbada yíìsì. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ wá yíjú sí mòlásẹ́ẹ̀sì, ìyẹn omi dúdú tó ki bí oyin tó máa ń ṣẹ́ kù nílé iṣẹ́ ṣúgà nígbà tí ṣúgà bá ti jáde tán. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì jẹ́ ṣúgà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ tó ni náítírójìn, wọ́n sì rí ìyẹn nínú amóníà, ẹ̀yà ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ sí ajílẹ̀ òyìnbó.

Ní nǹkan bí ọdún 1919 ni ọgbọ́n tó tóbi jù wá jáde, ní Jámánì àti Denmark lẹ́ẹ̀kan náà. Hayduck ló wà nídìí ti Jámánì, Søren Sak ló wà nídìí ti Denmark. Kò ṣòro láti ṣàlàyé: dípò kí wọ́n da gbogbo mòlásẹ́ẹ̀sì sínú agbada lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa rọ ọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, débi pé bí ṣúgà bá ṣe ń kán síbẹ̀ ni yíìsì á ṣe máa jẹ ẹ́ tán. Ṣúgà ò ní pọ̀ níwájú rẹ̀ rárá. Bí kò ṣe rí èyí tó máa fi ṣòfò, ó di dandan kó gba ọ̀nà tó lérè. Àwọn ará Jámánì pè é ní Zulauf, ìyẹn ìṣàn wọlé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ṣúgà fi ń di yíìsì.

Ó ti lé ní 100 ọdún báyìí, gbogbo iléeṣẹ́ yíìsì tó mọṣẹ́ ló sì ń lo ọgbọ́n yìí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Nínú táǹkì ńlá

Láti inú ìgò kékeré kan ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń tọ́jú ẹ̀yà yíìsì tí wọ́n fẹ́ sínú òtútù nínú yàrá àyẹ̀wò, bí ìdílé ṣe ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo. Wọ́n á mú díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi sínú ìgò tó ní oúnjẹ, tó bá pọ̀ wọ́n á gbé e lọ sínú táǹkì kékeré, wọ́n á tún gbé e lọ sínú èyí tó tóbi jùyẹn lọ, títí tó fi máa dé inú táǹkì ìkẹyìn, tó lè gba 100,000 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táǹkì irin tí kì í dípẹtà yìí ni wọ́n ń pè ní fẹ̀méńtọ̀. Ó ga bí ilé alájà púpọ̀, páìpù ló kún ara rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ẹni tó ń bójú tó o máa ń ṣọ́ jù: oúnjẹ, afẹ́fẹ́ àti ooru. Ẹ jẹ́ ká fi afẹ́fẹ́ ṣáájú, torí òun ló le jù.

Omi kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra. Nínú lítà omi kan tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ́síjìn tó lè wà níbẹ̀ kò tó miligíráàmù 8. Bẹ́ẹ̀, láti sọ 100 kílò ṣúgà di yíìsì, nǹkan bí 40 kílò ọ́síjìn ni wọ́n nílò. Nígbà tí táǹkì bá ti kún fún yíìsì, gbogbo ọ́síjìn tó wà nínú omi náà kò lè tó wọn lò fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ńlá kan fi máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé láti ìsàlẹ̀ láìdáwọ́dúró. Nínú táǹkì míì, afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan tó ìwọ̀n omi tó wà nínú táǹkì náà fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń fọ́ afẹ́fẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ kó lè di ìhó tó kéré gan-an, torí bí ìhó bá ṣe kéré tó ni ọ́síjìn ṣe máa tètè bọ́ sínú omi tó. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sẹ́ afẹ́fẹ́ ọ̀hún dáadáa kó tó wọlé, kó má bàa gbé bakitéríà wọ inú ilé ọ̀sìn.

Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi tó ní mòlásẹ́ẹ̀sì máa ń mú kó hó bí omi ọṣẹ. Bí wọn ò bá rí nǹkan ṣe sí i, ìhó náà máa kún dé òkè, á sì gba ojú páìpù jáde. Torí náà, wọ́n máa ń kán òróró díẹ̀ tàbí oògùn tó ń pa ìhó sí i.

Ooru ńkọ́? Ẹni tó bá ti sún mọ́ òkìtì ìdọ̀tí tó ń jẹrà mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí tó ń jẹun máa ń mú ooru jáde. Nígbà tí yíìsì bá ń jẹun kíkankíkan nínú táǹkì, ooru tó ń tara rẹ̀ jáde lè gbé omi náà sókè ní ìwọ̀n 10 láàárín wákàtí kan bí wọn ò bá mú un tutù. Ìwọ̀n 30 ni yíìsì fẹ́. Tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kò ní lè pọ̀ mọ́. Tó bá sì tún kọjá àlà, ó máa kú. Páìpù omi tútù ló ń yí táǹkì náà ká nínú àti lóde. Àwọn ará ilẹ̀ tó tutù rí èyí ṣe tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, torí omi odò wọn ti tutù látilẹ̀. Níbi tí omi ẹ̀rọ ti ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ láti inú kànga wá, bíi tiwa, owó ni.

Ó wá ku oúnjẹ, níbi tí ọgbọ́n ọdún 1919 yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, yíìsì ò pọ̀, torí náà ìwọ̀nba mòlásẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń rọ sí i. Bó ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń fi kún un, títí á fi dé ibi tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti omi tútù ò ti lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ lọ, iye kan náà ni wọ́n á máa rọ sí i. Wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fà á sẹ́yìn ni: yíìsì tó lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí kan àtààbọ̀, wọ́n á jẹ́ kó lò tó wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tí wọ́n bá jẹ́ kó yára jùyẹn lọ, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọtí. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Wọ́n máa ń yẹ afẹ́fẹ́ tó ń jáde látòkè táǹkì wò. Bó bá jẹ́ pé iye carbon dioxide tó ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye ọ́síjìn tí yíìsì ń lò dọ́gba, ọkàn wọn balẹ̀. Bí carbon dioxide bá ti wá ń pọ̀ ju ọ́síjìn lọ, tàbí tí ẹ̀rọ bá gbóòórùn ọtí, á jẹ́ pé oúnjẹ ti pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà á dín in kù lójú ẹsẹ̀. Ìyá tó ń fún ọmọ ọwọ́ lógì, tó ń wojú ọmọ bóyá ó ti yó, ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kan náà.

Mòlásẹ́ẹ̀sì nìkan ò tó o. Wọ́n máa ń fún un ní amóníà, phosphorus, magnesium, àti àwọn fítámì díẹ̀. Biotin jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ó sì dùn mọ́ mi láti gbọ́ pé mòlásẹ́ẹ̀sì ìrèké, irú èyí tó lè wá láti ilẹ̀ wa, ní biotin ju ti bíìtì tí àwọn ará Yúróòpù ń lò lọ dáadáa. Wọ́n tún máa ń jẹ́ kí omi náà kan díẹ̀, kí pH rẹ̀ wà láàárín 4.5 sí 5, torí pé yíìsì fara mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ bakitéríà ò sì fẹ́ ẹ.

Bí iná bá lọ ńkọ́?

Ìrèké ń hù ní ilẹ̀ wa. Ní Numan ní ìpínlẹ̀ Adamawa àti ní Bacita ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ iléeṣẹ́ ṣúgà, mòlásẹ́ẹ̀sì sì ni àgbàsílẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín ò wọ́n ní yunifásítì wa. Kí ló wá dé tí ìdílé tó ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ ní Port Harcourt fi ń jẹ èyí tí yíìsì Tọ́kì mú wú?

Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló fà á, àmọ́ ẹ padà lọ wo ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn. Bí iná bá lọ ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, iṣẹ́ á kàn dúró ni, bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á máa bá a lọ. Nínú fẹ̀méńtọ̀, kí ẹni tó fẹ́ lọ tan jẹnẹrétọ̀ tó dìde lórí àga, ọ́síjìn ti tán. Yíìsì ò ní tíì kú, àmọ́ ó ti ń sọ ṣúgà tó bá wà níbẹ̀ di ọtí. Omi tútù náà ò lọ mọ́, ooru ti ń gòkè. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín wákàtí 15 tí iṣẹ́ táǹkì kan lè gbà, èrè ti bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe yíìsì nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní iná tirẹ̀ tí kì í ṣẹ́jú, kó sì ní òmíràn tó ń dúró dè é. Owó ìyẹn ló máa wá sára yíìsì rẹ̀, yíìsì náà sì máa bá ti òkè òkun pàdé lórí àtẹ kan náà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yíìsì ò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iná.

Àwọn ọmọ iléèwé girama tó fẹ́ fojú ara wọn rí ọgbọ́n yìí lè dán an wò láìná owó púpọ̀. Ẹ wá ike onílítà kan méjì, kí ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ sí i dé ìdajì, kí ẹ fi yíìsì ṣíbí kékeré kan àti ajílẹ̀ tí kò tó ìdá mẹ́rin ṣíbí sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi fẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹja inú gíláàsì ni kí ẹ fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí méjèèjì. Ẹ da ṣíbí ńlá mẹ́rin ṣúgà sínú ìkíní lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ po iye kan náà mọ́ omi fún ìkejì, kí ẹ wá máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbóòórùn méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n silẹ̀ nínú fíríìjì kí ẹ lè fi rúlà wọn ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má fi ìdérí dé ike náà pa o, torí gáàsì lè bẹ́ ẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu kàn án, nítorí ajílẹ̀.

Bó ṣe ń gbẹ láìkú

Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí iṣẹ́ inú táǹkì parí, wọ́n máa ń dá amóníà dúró, wọ́n á dín ṣúgà kù gan-an, wọn ò sì ní pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ìyẹn máa jẹ́ kí àwọn tó ń yọ ọmọ lọ́wọ́ parí rẹ̀ kí kóówá lè dá dúró. Bí yíìsì bá sì ti rí i pé ìyàn fẹ́ mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀yà ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní trehalose sínú ara rẹ̀. Àgbẹ̀ tó fẹ́ tọ́jú irúgbìn mọ̀ pé ó yẹ kí àgbàdo gbó lórí ìdúró kó tó ya á. Èyí tó ya ní tútù ò ní hù lọ́dún tó ń bọ̀. Trehalose yìí ló máa dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nígbà tí omi bá ń gbẹ kúrò lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ kan tó ń yí bírí á ya yíìsì sọ́tọ̀ kúrò lára omi. Á wá dà bí ọ̀rá wàrà. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún fún omi rẹ̀, títí á fi le bí wàràkàṣì. Ní àwọn ilẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á fáwọn oníbúrẹ́dì, nínú òtútù. Èyí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ò lè dúró bẹ́ẹ̀, ó máa bà jẹ́. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gba ojú ihò wẹ́wẹ́ kó lè jáde bí ìndómì, wọ́n á wá fi afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ gbẹ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí omi ara rẹ̀ á fi ku nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ jàǹfààní yíìsì gbígbẹ dáadáa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, torí wọ́n ń ṣe búrẹ́dì níbi tí kò sí fíríìjì. Èyí tí ẹ lè pò mọ́ fúláwà tààràtà láìkọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi dé ní àwọn ọdún 1970.

Ọgbọ́n rírọ oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ yìí ò sì dúró sórí búrẹ́dì. Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa lo abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú oríṣi B tí wọ́n fi yíìsì ṣe. Irú abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ jòjòló wa nílé ìwòsàn. Lára insulin tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń gún, inú yíìsì ni wọ́n ti ń ṣe é pẹ̀lú, nínú táǹkì tí wọ́n ti ń ṣọ́ oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ bákan náà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fúláwà

Ohun ẹlẹ́mìí tó ń sùn ló wà nínú àpò yẹn. Ọ̀rinrin, ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń pa á. Àpò tí wọ́n fà afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde máa ń le bíi bíríkì. Bí ẹ bá bá èyí tó rọ̀ lọ́jà, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ má rà á níbi tí oòrùn ti ń pa á lórí àtẹ. Tí ẹ bá ti tú u, ẹ di ẹnu rẹ̀ dáadáa kí ẹ fi sínú fíríìjì. Iyọ̀ tí ẹ bá dà lé e lórí tààràtà máa ṣe é léṣe, omi gbígbóná á sì pa á pátápátá. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun máa ń fa omi kúrò lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì dídùn fi máa ń pẹ́ kó tó wú.

Bí yíìsì bá ti pẹ́ nílé, ẹ dán an wò. Ẹ bu ààbọ̀ ife omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, irú èyí tí ẹ lè fi wẹ ọmọ ọwọ́. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí kékeré kan sí i, kí ẹ fi yíìsì ṣíbí kékeré kan lé e, kí ẹ rò ó pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, ó yẹ kí ìhó bo ojú rẹ̀, kó sì máa rùn bí ẹmu. Bí kò bá hó, ẹ dà á nù, kí ẹ rán ọmọ lọ ra òmíràn.